Òróró Àdúrà Lára Pùròpélà

Ọwọ́ ni mo fi ń kọ́kọ́ wò ó, kì í ṣe ojú. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, bí ọkọ mi bá ti ti ọkọ̀ òfurufú kékeré náà jáde lábẹ́ páànù, màá bọ́ òrùka ọwọ́ mi, màá sì fi àtẹ́lẹwọ́ tọ pùròpélà, abẹ̀bẹ̀ ńlá tó ń mú ọkọ̀ náà fò, láti àárín lọ sí ṣóńṣó rẹ̀, apá kan lẹ́yìn èkejì. Igi ni wọ́n fi ṣe é: pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi gúlù lẹ̀ mọ́ra wọn, tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n sì fi fánísì kùn títí tó fi ń dán. Bí ọwọ́ bá ti mọ bí ara igi náà ṣe ń rí nígbà tó yá gágá, ọwọ́ á mọ ohun tó bá yí padà: ibi tí òkúta ta sí, ibi tí fánísì ti ń wú, ibi tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bo etí rẹ̀ ti fẹ́ máa ṣí.

Lẹ́yìn ọwọ́ ni ojú. Mo máa ń tẹ́ tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà ni, nítorí iná tó bá ti òkè wá tààrà máa ń bo ojú sísán mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá á jẹ́ kó ní òjìji. Lẹ́yìn ojú ni etí. Mo ń bọ̀ wá sórí ti etí.

Àwọn tó ń lọ sóko láti Ìjàgbó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí a wà kọjá. Ọlọ́kadà kan wà láàárín wọn tí kì í kọjá kó má sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mummy! Ṣé ẹ ò tíì fọ fáànù yẹn tán láti ìjẹta ni?"

Ọkọ mi ni yóò dá a lóhùn lábẹ́ ìyẹ́ ọkọ̀: "Ìwọ náà gbé ọ̀kadà rẹ wá kó bá ọ fọ̀ ọ́. Ó ti tó ọdún tí omi ti kàn án gbẹ̀yìn."

Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ, ní Ọ̀fà níbí. Mẹkáníìkì ni ọkọ mi nílé ẹ̀kọ́ kan lókè Ọya tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn láti wa ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tí a ṣègbéyàwó tí mo bá a lọ, wọ́n fún mi níṣẹ́ kí n máa kó irinṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ kí n sì máa gbà á padà. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n máa nu pùròpélà. Ọ̀gá tó ń yẹ̀ wọ́n wò rí i pé n kì í kánjú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí wá wo ohun tó ń wò. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì, a padà wá sílé. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ra ọkọ̀ kékeré alájókòó méjì, èyí tí aṣọ líle bo ìyẹ́ rẹ̀, ọkọ mi kọ́ bí a ṣe ń wà á, ó gba ìwé àṣẹ, àwọn tó ni oko kajú kan láàárín Ọ̀fà sí Ìjàgbó sì fún wa ní ilẹ̀ pupa gbọọrọ kan tí a tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn àgbẹ̀ ló ń pe ọkọ mi síṣẹ́. Bí iná bá ń jó igbó, á lọ wo ibi tó dé. Bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ bí oko rẹ̀ ṣe rí látòkè, á lọ ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa wà lẹ́yìn ìjókòó, pùròpélà sì wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Ohunkóhun tó bá bọ́ lápò ẹni tó jókòó níwájú, inú pùròpélà ló ń gbà lọ. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń wọ ọkọ̀ náà tí n kì í tú àpò rẹ̀ wò. Ọkọ mi ní àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kò tó mi.

Bàbá tó bí ọkọ mi ló kọ́ mi ní ti etí. Rélùwéè ni wọ́n fi gbogbo agbára wọn ṣiṣẹ́ fún. Bí ọkọ̀ bá ti wọ sítéṣọ̀n, Bàbá á mú hámà ọlọ́wọ́ gígùn, wọn á máa ti orí ẹsẹ̀ wágùnù kan bọ́ sórí òmíràn, wọn á kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn á sì dẹtí. Èyí tó bá dáa á dún bí aago. Èyí tó bá ti sán á dáhùn bí ẹni tí òtútù mú. Nígbà tí Bàbá kọ́kọ́ bá wa débi ọkọ̀ òfurufú náà, tí wọ́n rí bí mo ṣe ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ojú sísán kiri, wọ́n bi mí pé:

"Ìyàwó, ṣé o ti ra ìkòkò amọ̀ rí láìkàn án?"

"Rárá, sà."

"Kí ló dé tí o fi ń kan ìkòkò?"

"Kí n lè mọ̀ bóyá ó ti sán, sà."

"Kí ló wá dé tí o fi ń fi ojú nìkan wo igi tí ọmọ mi fẹ́ fi gbéra kúrò nílẹ̀?"

Wọ́n yọ kọ́bọ̀ àtijọ́ kan tó ní ihò láàárín lápò, wọ́n fún mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kàn án. Igi tí gúlù rẹ̀ ṣì dì máa ń dún kó-kó-kó, ohùn rẹ̀ á mú ṣáṣá. Mo ti mọ ohùn àwọn apá méjèèjì bí mo ṣe mọ ohùn àwọn ọmọ mi.

Ojú Bàbá ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Dókítà ní Ìlọrin sọ fún wa pé ìríran tó ti lọ kò ní padà, pé oògùn tí à ń kán sójú náà kàn lè mú kí èyí tó kù rọra lọ ni. Ẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ lọ. Bí èèyàn bá ti ẹ̀gbẹ́ wọlé kí Bàbá, wọn kò ní mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀, àfi bó bá dúró síwájú wọn gan-an. Wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìta láti inú páìpù, tí páìpù náà sì ń tín-ín-rín sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí a jókòó síwájú ilé, Bàbá sọ ohun tí wọ́n fẹ́.

"Abẹ́ wágùnù ni mo ti lo ayé mi. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni mo mọ̀. Ojú irin yẹn, n kò rí bó ṣe ń wọ Ọ̀fà tó sì ń jáde rí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ kí o gbé mi lọ sókè kí n wò ó, kí ojú yìí tó pa dé."

Ọkọ mi ní, "Bàbá, ẹ̀rù kò ní bà yín?"

"Ẹ̀rù ta ni? Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ọmọ ìjàkadì."

Màmá, ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Ẹsẹ̀ àwọn tó ń ja ìjàkadì yẹn máa ń wà nílẹ̀ o."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti dúró. Ọkọ mi mú ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ máa ń dákẹ́ láàárọ̀ lásìkò náà. Bí ọjọ́ náà ṣe ń sún mọ́lé ni Bàbá ń yàgò fún ohun gbogbo tó lè mú wọn ṣàìsàn. Wọn kò mu omi tútù mọ́. Wọ́n ní kí n bá wọn fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù rélùwéè wọn àtijọ́, wọ́n sì gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Nígbà tó ku ọ̀la, Màmá ní kí ọkọ mi mú àwọn lọ wo ọkọ̀ náà. A rò pé kí ọkàn wọn lè balẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà la wá gbọ́ pé, nígbà tí ọkọ mi ń bá ọdẹ tó ń ṣọ́ oko sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, Màmá yọ ìgò òróró àdúrà tí alùfáà ìjọ wa ti gbàdúrà sí, wọ́n fi kan ìjókòó, wọ́n fi kan táyà, wọ́n fi kan ìyẹ́. Pùròpélà ló bà wọ́n lẹ́rù jù. Nítorí náà, wọn kò fi kàn án lásán. Wọ́n da òróró sí i láti àárín, wọ́n sì fi pa apá méjèèjì bí ẹni ń pa ọmọ lára.

Láàárọ̀ Sátidé, gbogbo wa ti dé oko. Bàbá jókòó sórí àga tí Màmá gbé wá, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n dé fìlà rélùwéè wọn. Mo bọ́ òrùka mi. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pùròpélà, ọwọ́ mi sì yọ̀.

Òróró wà lára àwọn ohun tí a kì í fi sún mọ́ ọn. Ó máa ń di eruku mú, ó sì lè bo ohun tí èèyàn ń wá. Mo wo ọ̀dọ̀ Màmá. Màmá ń wo igi kajú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ fi nǹkan pa á ni?"

"Nǹkan wo? Àdúrà ni mo fi pa á."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìyẹ́ ọkọ̀ mú. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá ọkọ? Mo mú aṣọ mímọ́, mo nu apá méjèèjì títí aṣọ náà kò fi mú nǹkan kan mọ́. Ìgbà náà ni mo lọ wo táyà, mo wo wáyà, mo wo bóòtù ìyẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọyẹ́ ọjọ́ náà kò le, ṣùgbọ́n ó ń mú ìyẹ̀fun rẹ̀ wá bó ṣe máa ń ṣe, eruku kíkúnná tí í bà lé ohun gbogbo láìjẹ́ kéèyàn rí i. Nígbà tí mo padà sídìí pùròpélà láti wò ó kẹ́yìn, eruku náà ti bò ó fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, àfi ibì kan ní ìsàlẹ̀ apá kan, nítòsí bóòtù tó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó dúdú ju ara igi lọ, ó tín-ín-rín bí irun.

Ìlà tó bá tẹ̀ lé bí igi ṣe lọ lè jẹ́ ojú gúlù lásán, a lè tún un wò. Èyí tó bá dábùú igi kò ní àtúnwò. Èyí tẹ̀ lé igi díẹ̀, ó sì yà, ó dábùú.

Mo nù ún. Mo dúró. Ó tún yọ padà. Òróró ló ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti ibi tó wọ̀, fánísì tí ojú rẹ̀ kò là kì í sì í mu òróró. Mo yọ kọ́bọ̀ Bàbá lápò. Mo kan apá tó dáa: kó-kó-kó. Mo kan ibẹ̀: pọ̀-pọ̀. Mo tún un kàn, nítorí mo fẹ́ kí ó jẹ́ èmi ni mo ṣàṣìṣe.

"Ìyàwó," Bàbá pè mí láti orí àga. "Tún ibẹ̀ yẹn kàn."

Mo tún un kàn. Bàbá dẹtí sí i.

Ọkọ mi wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ó ní, "Ó lè jẹ́ fánísì nìkan ló là o." Òótọ́ ni, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀ yẹn. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Kí a kàn lọ yí po lẹ́ẹ̀kan, kí a padà. Ìgbà wo la tún máa rí afẹ́fẹ́ tó dákẹ́ báyìí?"

"Daddy, ẹ wò ó dáadáa."

Ohun tí mo lè sọ fún ọkọ mi kò ju ìyẹn lọ. Mo mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Pùròpélà tuntun kò sí ní Ọ̀fà, kò sì sí ní Èkó. Òkè òkun ló ti ń wá, ó sì máa ń pẹ́. Ojú Bàbá kò ní dúró dè é. Bí mo bá ní kí wọ́n má lọ, ó lè jẹ́ pé èmi ni mo ti fèrèsé tó kù fún wọn pa. Bí mo bá ní kí wọ́n lọ, àwọn méjèèjì ló máa gbéra lórí igi tó ti dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ yẹn.

Bàbá ló sọ̀rọ̀. "Ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò níbí?"

Ọkọ mi ní, "Ìyàwó yín ni, sà."

"Ó dáa. Ẹ wá ṣọ́ọ̀kì."

Ọdẹ ní ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sára àpò kajú. Bàbá ní kí n gún un kúnná. Wọ́n ní kí n nu igi náà dáadáa lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n wá fi ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì bo gbogbo ìsàlẹ̀ apá náà bí ẹni ń fi pọ́dà pa ọmọ. Wọ́n ní bí àwọn ṣe máa ń ṣe irin ńlá tó so ẹsẹ̀ wágùnù pọ̀ nìyẹn ní ilé iṣẹ́ rélùwéè: wọn á rẹ ẹ́ sínú òróró, wọn á nù ún, wọn á fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún, wọn á sì lọ jẹun. Bí irin náà bá ti sán, òróró tó wọ ibẹ̀ á fúnra rẹ̀ jáde, á kọ ìlà náà sára ṣọ́ọ̀kì.

"Ká lọ jẹun nígbà náà," ni Màmá wí, wọ́n sì ṣí kúlà oúnjẹ. Búrẹ́dì àti ẹyin díndín ni. A jẹ ẹ́ lábẹ́ igi kajú, kò sì sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí a dìde, ìlà náà ti kọ ara rẹ̀. Ó gùn ju èyí tí mo rí lọ. Ó ti yí lọ sẹ́yìn apá náà, ó sì ń wá ihò bóòtù lọ.

"Háà," ni ọkọ mi wí. Kò sọ̀rọ̀ fánísì mọ́.

Bàbá ní kí n mú ìka àwọn lọ síbẹ̀. Mo mú un lọ. Wọ́n fi ojú sún mọ́ ọn, wọ́n yí orí síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún.

"N kò rí i," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ."

Wọ́n wá sọ fún wa pé láyé àwọn, bí àwọn bá ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ àgbélébùú sára wágùnù, wágùnù náà kò ní kúrò lójú kan. Ọ̀gá sítéṣọ̀n lè bínú, ẹni tó lẹ́rù lè sunkún. Kódà ọ̀gá pátápátá tó bá ti Èkó wá kò lè fọwọ́ pa á rẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló lè pa á rẹ́. Ọkọ mi na ṣọ́ọ̀kì sí wọn pé kí wọ́n kọ ọ́. Bàbá ti ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Èmi kọ́ ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Fún un."

Mo gba ṣọ́ọ̀kì, mo kọ àgbélébùú sára apá náà. Bàbá ṣí fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orúnkún.

Lójú ọ̀nà ilé, Màmá ni kò jẹ́ kí inú mọ́tò wa dákẹ́.

"Ẹ ò wá rí i? Òróró yẹn ló tú u fó."

"Màmá," ni ọkọ mi wí, "òróró yẹn náà ì bá bò ó mọ́lẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá."

"Ìgbà wo ni mo ní kì í ṣe Ọlọ́run? Ta lo rò pé mo da òróró sí?"

Bàbá ní, "Ẹ fi obìnrin yìí sílẹ̀. Òun ló da òróró, èmi ni mo da ṣọ́ọ̀kì."

"Èmi ńkọ́, sà?" ni ọkọ mi bèèrè.

"Ìwọ? Ìwọ lo fẹ́ gbé mi lọ."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín tó bọ́ sẹ́nu wa. Mo wo Bàbá nínú dígí mọ́tò. Àwọn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìta ni wọ́n ń wò, ní apá ibi tí ojú irin wà.

Ọkọ mi fẹ́ gbé pùròpélà náà kọ́ sára ògiri pálọ̀. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní ohun tí a bá ti kọ̀ sílẹ̀, a kì í fi sílẹ̀ lódindi, nítorí ẹnìkan á wá rí i lọ́jọ́ iwájú, á sì ní ó ṣì dáa. Mo fi ayùn gé e níbi ìlà náà gan-an. Nígbà tó ya sọ́tọ̀, a rí i pé òróró ti wọ inú igi lọ jìnnà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín. Ọkọ mi di ègé kan mú, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun ló fọ abọ́. Màmá mú apá tó dáa, òun ni wọ́n fi ń ti fèrèsé ilé ìdáná títí dòní.

Ọkọ mi ránṣẹ́ ra pùròpélà tuntun, a wá ń retí. Wọ́n ní ẹrù náà ti gbéra, wọ́n ní ó ti dé èbúté, wọ́n ní ó ṣì wà ní èbúté. Bàbá kò béèrè rẹ̀ rí. Màmá ló ń bá wọn béèrè lójoojúmọ́. Èmi ni mo ń kán oògùn sójú Bàbá, èmi náà ni mo ń gbé tíì wọn wá láàárọ̀. Ibì kan náà ni mo máa ń gbé ife sí lórí tábìlì, màá sì dúró díẹ̀ wo bí ọwọ́ wọn ṣe ń wá a. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ náà máa ń lọ bá a tààrà. Nígbà tó yá, ó ń fara kan tábìlì kó tó dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Bàbá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kí wọn kí wọ́n tó mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo dúró síwájú fèrèsé tí wọ́n fi apá pùròpélà àtijọ́ tì. N kò kábàámọ̀ àgbélébùú náà. Bí wọ́n bá tún fún mi ní ṣọ́ọ̀kì, màá tún un kọ. Ṣùgbọ́n mo dúró síbẹ̀ pẹ́.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kí pùròpélà tuntun tó dé. Ọkọ mi dì í mọ́ ibẹ̀, ó ń fún bóòtù kan díẹ̀, ó tún ń fún èyí tó dojú kọ ọ́ díẹ̀, kí wọ́n má baà tẹ igi lápá kan ju èkejì lọ. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó pa á, a tún fún bóòtù náà. Igi tuntun máa ń jókòó, bóòtù rẹ̀ á sì dẹ̀ díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, a tún fún un wò. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán mi lójú. Nígbà tí ọwọ́, ojú àti etí mi ti gbà, mo fi kọ́bọ̀ náà sọ́wọ́ Bàbá, mo mú wọn lọ sídìí rẹ̀. Wọ́n kan apá kan, wọ́n dẹtí. Wọ́n kan èkejì.

"Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n," ni Bàbá wí.

Bí mo ṣe yíjú ni mo rí ìgò lọ́wọ́ Màmá. Mo lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà. Orí àwọn tó ń lọ ni kí ẹ fi pa."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo pùròpélà, wọ́n sì gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo òróró tí wọn kò rí ibi dà sí, orí ọkọ àti ọmọ wọn ni wọ́n dà á sí.

"Ó tó, ó tó!" ni Bàbá wí. "Ṣé o fẹ́ dín mi ni?"

Mo tú àpò kóòtù Bàbá. Mo bá tọ́mù-tọ́mù, áńkáṣíìfù, àti ègé ṣọ́ọ̀kì kékeré kan. Mo kó gbogbo rẹ̀ sápò tèmi, mo gba fìlà wọn, mo fún Màmá. Mo de akoto mọ́ wọn lágbọ̀n, mo sì fa bẹ́líìtì wọn wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkọ̀ náà sáré lórí ilẹ̀ pupa, ó gbéra. Òjò ti fọ ojú ọ̀run. Màmá di ojú wọn, ẹnu wọn ń mì. Èmi kò dijú. Mo ń gbọ́ ọ: ohùn kan ṣoṣo ni, kò gbọ̀n, kò yí padà, bó ṣe ń jìnnà lọ sí apá sítéṣọ̀n. Ó kéré títí tí mo fi ní láti di ẹ̀mí mú kí n tó lè gbọ́. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, láti apá kejì ìlú.

Nígbà tí wọ́n balẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì dákẹ́, Bàbá kò dìde. Màmá ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Kí lẹ rí? Ẹ sọ̀rọ̀ jàre."

"Mo rí i."

"Ṣé ẹ rí ilé wa?"

"N kò wá ilé lọ sókè." Bàbá bọ́ akoto, òróró ń dán lórí wọn. Wọ́n na ọwọ́ wọn síwájú, tààrà. "Mi ò rí nǹkan kan lápá ọ̀tún. Mi ò rí nǹkan kan lápá òsì. Ṣùgbọ́n ojú irin kò fẹ̀. Ojú tó kù fún mi yìí gbà á. Ó wọ Ọ̀fà, ó sì jáde."

Ọkọ mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, ká ní a lọ nínú ọyẹ́ ni, eruku nìkan ni Bàbá ì bá rí. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó fẹ́ kí ọkàn mi fúyẹ́ ni.

Mo yí lọ sẹ́yìn ọkọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe bí ó bá balẹ̀. Ooru ẹ́ńjìnnì ṣì ń jáde. Mo bọ́ òrùka mi, mo fi ọwọ́ tọ̀ ọ́ láti àárín lọ sí ṣóńṣó. Òkúta kékeré kan ti ta á létí lọ́wọ́ ìsàlẹ̀, ó hó fánísì díẹ̀, kò wọ igi. Èyí tí a máa fi bébà oníyanrìn fá lọ́la ni, kí a sì tún un kùn.

"Ìyàwó," Bàbá pè mí láti orí ìjókòó, wọn kò yíjú, nítorí yíyíjú kò ṣe wọ́n láǹfààní mọ́. "Báwo ló ṣe rí?"

Mo yọ kọ́bọ̀ náà, mo kan apá kan, mo dúró díẹ̀, mo kan èkejì. Bàbá dẹtí títí ohùn náà fi tán. Wọ́n wá na ọwọ́ sí Màmá, wọ́n gba fìlà wọn, wọ́n dé e.